Bẹ́ẹ̀dì Tí A Jó Pọ̀ Lọ́jọ́ Ìsinmi

                                        Yàrá Kẹsàn-án, Àjà Kẹta,
                                        Ilé Àwọn Oníṣẹ́-Ọwọ́,
                                        Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹjọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé dáadáa ni gbogbo ilé wà? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀? Ẹlẹ́nu Ṣọnṣọ ọmọ yín ńkọ́, ẹni tó bi mí níṣojú àlejò lọ́jọ́ ìgbéyàwó pé ṣé ọkọ tí mo ń wá kiri náà nìyí? Ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ yín ti ń ṣiṣẹ́? Ara tiwa le, ọpẹ́ ni. Ẹ má wo bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe ń sáré, ayọ̀ ni ò jẹ́ kó rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ọmọ ti dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ rántí pé nígbà tí ọkọ mi sọ pé òun fẹ́ gba ọmọ méjì tọ́ ní ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí tí òun ti máa ń fi iṣẹ́ wẹ́dà bá wọn jó irin, ẹ pè mí sí kọ̀rọ̀ pé ìyàwó tí ò tíì mọ igun ilé ọkọ, kí ló ń lé e. Mi ò bínú, ẹni tó fẹ́ràn ẹni ló ń bẹ̀rù fún ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó mú mi dé ilé àwọn ọmọ náà níbí, tí mo rí ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá yẹn, tó di àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rin mú bí ẹni di okùn kànga mú, mo mọ̀ pé àwọn ọmọ mi nìyẹn.

Òfin ibí ni pé ọmọ tó bá ti pé ọdún mẹ́wàá gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́. Bó bá ní òun ò fẹ́, àwọn méjèèjì á padà. Ni wọ́n bá ní ká mú wọn sọ́dọ̀ fún ìsinmi ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí gbogbo ìlú ń ṣe, kí obìnrin ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ wá bi í léèrè lọ́jọ́ kẹta.

A múra títí ojú fi ń pọ́n wa. Ọkọ mi jó bẹ́ẹ̀dì méjì, ó kùn wọ́n ní búlúù, ó gbé ọ̀kan sí yàrá, ó gbé èkejì sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo se ìrẹsì, mo dín adìẹ. A ti ń yin ara wa.

Bí ọmọ náà ṣe rí bẹ́ẹ̀dì méjèèjì, ṣe ló jókòó sórí báàgì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò jẹun, kò bọ́ bàtà, kò fọhùn. Mo bẹ̀ ẹ́, mo jó fún un. Ẹ mọ bí mo ṣe ń jó. Ọkọ mi ní bóyá ijó yẹn ló ń dẹ́rù bà á. Àbúrò rẹ̀, tó ti fi ìrẹsì kun imú, ló tú àṣírí. Ó ní níbi tí àwọn ti wá, bí wọ́n bá ti ya bẹ́ẹ̀dì tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sọ́tọ̀, ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti fẹ́ẹ́ kó wọn lọ nìyẹn.

Ohun tí a fi kẹ́ wọn, ìdágbére ni wọ́n rí i sí.

Ọkọ mi kó bẹ́ẹ̀dì méjèèjì sọ̀kalẹ̀ sí àgbàlá, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó wọn pọ̀. Tíṣà tó ń gbé lókè wa yọrí lójú fèrèsé, ó bi í pé ṣé irin ò mọ ìsinmi ni. Ọkọ mi ní kí bàbá má bínú, ọmọ ló rán òun níṣẹ́. Ọmọbìnrin náà tẹ̀lé e, ó dúró lókèèrè, ó fi ọwọ́ bo ojú àbúrò rẹ̀ nítorí iná. Nígbà tí irin tutù, ó lọ fi ẹsẹ̀ tì í wò.

"Ẹ jó ìsàlẹ̀ ibí náà, kó má baà tú."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá wa sọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún burẹ́wà jọjọ, a sì ní láti yọ ilẹ̀kùn yàrá kí a tó rí i gbé wọlé. Àwa tọkọtìyàwó tuntun ló wá ń sùn ní pálọ̀. Ẹ má sọ fún màmá.

Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin ọ́fíìsì ní kí àwa méjèèjì dúró sí pálọ̀, kí òun bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ ní yàrá. Yàrá tí ò nílẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀ la gbọ́. Ó bi í bóyá ó fẹ́ máa gbé níbí. Mo di ọwọ́ ọkọ mi mú débi pé ojú èékánná mi ṣì wà lára rẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ náà bi í pé ìwé àbúrò òun ńkọ́. Obìnrin náà ní ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tirẹ̀, ṣùgbọ́n ilé kan náà, òbí kan náà.

"Ẹ kọ méjèèjì kí n rí i."

Ó kọ ọ́. Ọmọ náà fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ka tirẹ̀, ó ka ti àbúrò rẹ̀, ó tún padà ka tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àwa méjèèjì fẹ́."

Ó ku kí adájọ́ fọwọ́ sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, obìnrin náà sì ní kí a fọkàn balẹ̀. Ọkàn wa ti balẹ̀. Mo fi ìwọ̀n àwọn ọmọ sínú àpò ìwé yìí: ẹ bá mi rán kaba kan, ṣòkòtò péńpé kan. Ẹ jẹ́ kí kaba náà gùn díẹ̀, ọmọ yín tuntun yìí ń ga.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti gbogbo ará ilé. Ẹ sọ fún màmá pé wọ́n ti di ìyá àgbà ọmọ méjì sí i.

Mo fẹ́ẹ́ gbàgbé. Láàárọ̀ yìí, àwọn ọmọ àdúgbò wá pe ọmọbìnrin wa síta. Ó wò mí títí, ó fa àbúrò rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa wò ó kí òun tó dé. Ló bá sáré jáde. Kò bojú wẹ̀yìn.

Èmi ni, àbúrò yín tí ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀,
Ìyàwó Wẹ́dà.