Ẹni Tó Ń Gbálẹ̀ Lẹ́yìn Ògiri Mi

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Toronto, lórí àjà kọkànlélọ́gbọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún mi ò kan ilẹ̀ kankan níhìn-ín. Mo kí Bọ̀dá Dàpọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, àti ìyàwó wọn tó gbà yín sílé ní Adigbe. Ẹ má bínú pé mo fi lẹ́tà gbangba yìí gbé ọ̀rọ̀ ilé síta. Bọ̀dá ò gbé fóònù mi mọ́ láti ìgbà tí mo ti ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ilé ẹbí wa ní Aké.

Ara mi le, òtútù ti dé, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tí mò ń ṣe sì ń lọ déédéé. Ṣùgbọ́n ilé tí mò ń gbé, Màmá! Ilé àwòṣífìlà ni, láàárín ìlú gan-an, àwọn irú rẹ̀ sì pọ̀ yí i ká, wọ́n fún mọ́ra débi pé ọ̀sán ni mo tó ń rí oòrùn. Ẹ ó rò pé èrò á kún ibẹ̀ bí ọjà Ṣàpọ́n. Rárá o. Tí ilẹ̀ bá ṣú, fèrèsé tí iná ń tàn nínú rẹ̀ ò tó nǹkan. Àwọn olówó ló ra fúláàtì wọ̀nyẹn sílẹ̀, wọn ò gbé inú wọn. Ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá kí n má rí ẹni kí.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn láàárọ̀ ọjọ́ tí mo gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ lẹ́yìn ògiri mi. Ẹni náà á kọ́kọ́ fi ìdí ìgbálẹ̀ gbá àtẹ́lẹwọ́, pá, pá, kó lè dọ́gba, kó tó máa gbálẹ̀. Mo ní ọmọ Yorùbá ti dé nìyẹn. Ẹ mọ ẹnu mi, kò lè rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó má kí i. Mo kígbe pé ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbálẹ̀ dúró. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀, ó ti sún mọ́ ògiri ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo bi ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé léèrè nípa aládùúgbò mi. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbé ibẹ̀ rí. Nígbà tí mi ò gbà, ó ṣílẹ̀kùn, ó fi inú ibẹ̀ hàn mí. Eruku bo gbogbo ilẹ̀, kò sí ipasẹ̀ kankan. Àfi ẹ̀bá fèrèsé: ó mọ́ tónítóní níbẹ̀, ó gùn níwọ̀n ènìyàn tó dùbúlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí.

Mo pè yín lọ́jọ́ náà, mi ò lè sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ fẹnu ara yín sọ pé láti ìgbà tí Bọ̀dá ti fi páànù yí àgbàlá Aké ká, tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé alájà mẹ́wàá síbẹ̀, ẹ ò ráyè gbá ojú oórì Ìyá Àgbà mọ́. Ẹ rántí pé Ìyá Àgbà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá àgbàlá yẹn ṣáájú wọn nígbà ayé wọn. Wọ́n á fi ìdí ìgbálẹ̀ gbá àtẹ́lẹwọ́ ná. Láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n síbẹ̀, ẹ̀yin lẹ̀ ń gbá a láràárọ̀, tí ẹ ń kí wọn.

Bọ̀dá ní ọ̀làjú ni ilé gíga, àwọn tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì! Mo mọ̀ pé ẹ ó ní kí n gbàdúrà. Mo ti gbà á. Wọ́n ṣì ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ògiri mi.

Bọ̀dá ò lè kọ́ nǹkan kan síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ sí i. Ẹ padà sí Aké, kí ẹ gbá ojú oórì náà, kí ẹ sì kí Ìyá Àgbà. Ẹ má wulẹ̀ pè mí láti sọ fún mi. Màá mọ̀ níhìn-ín.

Olúwa á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí ará ilé, ará àdúgbò àti ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n tí ilé bá fúnra rẹ̀ wá bá èèyàn lájò, ibo lèèyàn ó padà sí?

Èmi ni ọmọ yín,
Títílayọ̀