Okùn Òjìji

Ìyá mi àtàtà,

Mi ò kú o! Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n mi yéé sunkún. Àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ ni ò ní òjìji. Èmi alára ní òjìji.

Iṣẹ́ tí mò ń kọ́ ló fà á. Lójú kọ̀ǹpútà, àpótí kan á gbé èèyàn wá, òmíràn á gbé ilé, òmíràn á gbé òjìji, a ó wá fi ìlà tí à ń pè ní okùn so wọ́n pọ̀ di àwòrán kan. Mo gbàgbé okùn òjìji nínú àwòrán tiyín. Mo tún gbàgbé ẹ̀ níbi iṣẹ́, ni ọ̀gá bá ní kí n lọ sinmi ná. Ìsinmi mà dùn o!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní àdírẹ́sì ilé alájà tí mo dúró síwájú ẹ̀ yẹn mọ́.

Mo ti so okùn náà báyìí. Àwòrán tuntun rèé. Èyí ni kí ẹ fi han Bàbá, kí ẹ sì bá mi kí wọn.