Àgbo-ilé tí Ẹ Wó ní Ìfọ̀rọ̀lọ̀

                                        Ẹ̀yìn Ọjà Igbó,
                                        Ògbómọ̀ṣọ́,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù Kẹrin, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi Mashood, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi,

Ẹ kú ìgbà ooru yìí o. Ṣé ara yín le? Ìyàwó wa ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ Màmá ti ń fúyẹ́ díẹ̀, pé wọ́n ti ń dá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ọlọ́run á jẹ́ kó rọ̀ wọ́n lọ́rùn pátápátá. Gbogbo wa níbí wà láàyè. Ìkòyí-Ilé tí mo lọ ra kajú ni mo ti dé lọ́jọ́ Ẹtì. Oòrùn sọ mí di dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n ọjà tà. Kíkí tán nìyẹn. Ẹ mọ̀ pé mi ò mọ ọ̀rọ̀ yí po.

Ẹ ti wó àgbo-ilé mi ní Ìfọ̀rọ̀lọ̀. Ẹ wó ti Goodness mọ́ ọn. Ẹ gbé ọjà àárín ìlú lọ sí ẹ̀yìn odi, ẹ kọ́ ilé-iṣẹ́ símẹ́ǹtì sójú ibi tó wà, ẹ sì fagi lé ìbò. Ẹ wá mú ìlú tí àwa mẹ́rin fi ọdún méjì kọ́, ẹ fi wọ ìdíje tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, orúkọ yín nìkan ló sì wà lára rẹ̀. Anas tó kéré jù nínú wa mọ̀. Ìyàwó wa mọ̀, torí òun ló ní kí Anas pa ẹnu mọ́. Àwọn tí ẹ jọ ń ṣe géèmù lọ́hùn-ún mọ̀. Àwa méjì tí ilé wà lórí ilẹ̀ náà nìkan ni ò mọ̀. Bí ẹlòmíràn bá já lẹ́tà yìí kà, á rò pé ilé bíríkì ni mò ń wí, kò ní mọ̀ pé ìlú inú kọ̀ǹpútà ni. Kó máa rò bẹ́ẹ̀. Bó ṣe dùn mí náà nìyẹn.

Goodness ló kọ́kọ́ rí i. Ó pè mí bí mo ṣe ń já àpò kajú sílẹ̀ ní Takie. Ó ní, "Raliat, ṣé o ti wọ ìlú lónìí? Lọ wo ilé ẹ o, símẹ́ǹtì ni wọ́n ń lọ̀ níbẹ̀." Ẹ mọ ọmọ Onítẹ̀bọmi yìí, kò sí ohun tí kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kó lọ jókòó jẹ́ẹ́. Ó ní, "Mi ò bá ẹ ṣeré. Lọ wò ó." Mo wọ inú ẹ̀, èéfín ni mo rí. Àwọn èèyàn kéékèèké tó máa ń tò lọ sọ́jà láàárọ̀ ti di ẹrù, wọ́n ń jáde nílùú.

Mo pe Anas. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n, kí lẹ ní kí n sọ?" Mo bi í bóyá ẹ̀gbọ́n náà ló gbé ẹnu ẹ̀ lọ. Mo wá pe ẹ̀yin fúnra yín, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Raliat, géèmù lásán mà ni." Ó dáa. Bó bá jẹ́ géèmù lásán, kí lẹ pa á mọ́ fún?

Ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tó gbé mi dé ìdí ẹ̀ ni? Ẹ̀yin náà lẹ fi í hàn mí. Ìgbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ wa lọ́jà ni, tí a fẹ́ la gọ́tà kan ṣoṣo. A pàdé, a tún pàdé. Alága ní ká lọ rí ẹnì kan, ẹni náà ní ká padà wá, òjò sì ń wọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ rí bínú ṣe ń bí mi, ẹ ní, "Ìwọ tí o ò lè dúró yìí, wá gba ìlú kan kó o máa ṣe é bó o ṣe fẹ́." Ọjọ́ tí mo gbà á ni mo la gọ́tà, omi sì ṣàn. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú èmi náà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe yíyá rẹ̀ nìkan ló dè mí mọ́ ọn. Lójú ayé, ẹni tó ba nǹkan jẹ́ kì í sí nítòsí nígbà tí ìyà rẹ̀ bá dé. Nínú eré yẹn, bí mo bá fi owó orí kún owó orí, ìṣojú mi ni ṣọ́ọ̀bù á ṣe máa tì. Bí mo bá gbè sẹ́yìn àwọn onílé-iṣẹ́ jù, àwọn òṣìṣẹ́ á fi ìbò bá mi wí. Kò sí alága tí mo lè dá lẹ́bi. Ohun tí mo ka ìwé rẹ̀ ní yunifásítì tí kò yé mi dáadáa, ibẹ̀ ló ti yé mi.

Ọ̀tọ̀ lohun tó sì ń fa kálukú. Anas fẹ́ràn òṣèlú ibẹ̀: kó tẹ́ ẹgbẹ́ yìí lọ́rùn, kó fi ìlérí tu tọ̀hún nínú, kó wọlé. Goodness ò bìkítà fún ìbò. Ó lè jókòó pẹ́ títí kó máa wo obìnrin kan tó ń ti ọjà bọ̀, kó lè mọ̀ bóyá omi dé ilé rẹ̀. Ẹ̀yin, àpò ìlú ni. Ẹ fẹ́ kó máa wú. Mi ò bá yín jà sí i, torí ìlú tí àpò rẹ̀ gbẹ kò lè la gọ́tà. Ohun tí kálukú wa fẹ́ ni kò jẹ́ kí ti ẹnì kan jẹ ìlú run.

Kọ̀ǹpútà kì í béèrè kó tó wólé. Àwa la mú òfin ilé wa lọ síbẹ̀, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àgbo-ilé láìkọ́kọ́ fi lọ baálé rẹ̀. Èmi obìnrin náà di baálé níbẹ̀, ẹ sì máa ń kí mi pé, "Baálé Raliat, ilẹ̀ yín tutù o." Nígbà tó kan ẹni tó máa mú pásíwọ́ọ̀dù dání, ẹ̀yin la fà á lé lọ́wọ́ torí pé ẹ̀yin lẹ dàgbà jù. Ilé ìwé kọ́ mi pé ẹnì kan kì í dá kọ́kọ́rọ́ di mú. Ilé tí wọ́n bí mi sí ní àgbà ló ń mú ẹrù dání. Ti ilé ni mo ṣe. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin lẹ wà lọ́jà, ẹ sì gbé ọjà náà sá lọ.

Ẹ ní àpò ìlú nìkan ni wọ́n máa wò níbi ìdíje. Mo gbọ́. Ẹ̀gbọ́n, ká ní ẹ bi mí ni, ó ṣeé ṣe kí n gbà. Mo lè jà, mo lè pariwo, kí n sì gbà kí ẹ wó ti èmi, kí ẹ dá ti Goodness sí. Ẹ dúró dìgbà tí mo dé ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ò dáa kí ẹ tó ṣe é. Èyí ni mi ò lè gbé mì.

Ẹ bá mi kí Màmá dáadáa, ẹ ní mo ti rí kajú sísun tí wọ́n fẹ́ràn, mo ń fi ránṣẹ́. Ẹ kí àwọn ọmọ. Ẹ kí ìyàwó wa. Ẹ kí Anas náà, ẹ má fi ọ̀yàyà kún tiẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ rè é. Ẹ̀dà ìlú bó ṣe wà kí ẹ tó wó o ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà yín, kò sí níbòmíràn. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje máa ti gbogbo ìlú pa láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀dà àtijọ́ á sì parẹ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù kí wọ́n tó kírun Alásàrí lọ́jọ́bọ̀. Mi ò fẹ́ àlàyé, ẹ má sì rán ẹnikẹ́ni wá bẹ̀ mí. Bí àsìkò yẹn bá kọjá tí mi ò rí i, èmi àti Goodness á mú ilẹ̀ òfìfo mìíràn, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí gọ́tà. A ó gé ilẹ̀ fún Anas níbẹ̀, torí ọmọdé ni, ó bẹ̀rù yín. A ò ní gé fún yín.

Àbúrò yín ni mí títí di Ọjọ́bọ̀, àti lẹ́yìn rẹ̀,

Raliat.