Irin Délé Tí Mo Fi Ọsàn Wẹ́wẹ́ Fọ̀

Bàbá mi, ẹ gbà mí o. Mo ti ba iṣẹ́ Délé ọmọ mi jẹ́, kò sì bá mi wí. Ì bá tilẹ̀ pariwo, ara ì bá tù mí.

Ẹ má bínú pé n kò tíì kí yín. Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ilẹ̀ Jámánì níbí, inú kóòtù méjì ni mo sì wà, torí òtútù ibí kò mọ àgbà. Bí Délé bá ti lọ síbi iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kì í kí mi títí ó fi dé. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣe é sọ lórí fóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé.

Ṣé ẹ rántí bí Délé ṣe máa ń jókòó tì yín níbi iṣẹ́ yín ní Òṣú, tí ẹ bá yọ́ irin da ìkòkò tán, tí ẹ ń fi ìka lù ú, tí ẹ ń tẹ́tí bóyá ó sán? Irú iṣẹ́ yẹn náà ló ń ṣe níbí. Ó ní inú irin kún fún òòfà tíntìntín tí ojú kò lè rí, pé àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù ni wọ́n wà. Ìgbì rédíò kì í wọnú irin jìnnà, èèpo ló ń mọ. Ìró ló ń wọlé dé ìdí. Wọn á gbé irin sáàárín òòfà ńlá, wọn á rán ìró tí etí kò lè gbọ́ sínú rẹ̀. Bí ìró náà bá bá yíyí àwọn òòfà kéékèèké yẹn mu, àwọn òòfà náà á gbé díẹ̀ mì nínú rẹ̀, èyí tó ń padà bọ̀ á rẹlẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ìwà irin. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀yin ni ọ̀gá òun àkọ́kọ́, pé aṣọ funfun ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni wọn kò wọ̀ fún yín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fi irin kan ránṣẹ́ sí i, kò ju ṣúgà onígun kan lọ. Ó gbé e sórí tábìlì ìdáná. Mo rí i pé ó ṣú. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti kànìnkànìn onírin gbo ó, bí mo ṣe ń fọ àwọn ìkòkò yín ní Òṣú kí ọdún tó dé, títí ó fi ń kọ mànà. Inú mi dùn! Àṣé ṣe ni wọ́n rọra lọ ojú rẹ̀ méjèèjì kí wọ́n lè dọ́gba, kí ìró lè lọ kó sì bọ̀ láìṣìnà. Ìdọ́gba yẹn ni mo gbo dànù.

Délé wò ó, ó ní kò burú. Ó fi í sápò, ó jáde. Ẹ̀yin náà kì í sọ̀rọ̀ bí ìkòkò bá sán, ẹ kàn ń jù ú padà síná ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní tòun kò ṣe é yọ́ padà. Àsìkò tí wọ́n fún un nídìí òòfà ńlá náà sì ń lọ. Látìgbà náà, ṣe ló ń fi ṣíbí ti oúnjẹ kiri inú àwo.

Lánàá, irin mìíràn dé. Orí tábìlì kan náà ló gbé e sí, ó sì wọlé lọ wẹ̀. N kò fọwọ́ kàn án. Mo jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ ẹ̀wà orí iná. Ẹ̀yin tí ẹ mọ inú rẹ̀, ṣé ó ti dárí jì mí ni, àbí ó kàn gbàgbé? Bó bá pè yín, ẹ bá mi bi í. Kò lè parọ́ fún yín.

Ẹ kí Bíọ́dún àbúrò mi tí yóò ka ìwé yìí fún yín, ẹ kí gbogbo ìjọ wa ní Iléṣà. Olúwa á dá yín sí, ojú yín á tún rí Délé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì, kí ó tó gbé ẹ̀kẹta wálé.

Ọmọ yín,
Fọlákẹ́