Ẹ̀bẹ̀ Kí Husnah Lè Ka Yáásíìn Dé Òpin Létí Bàbá Rẹ̀

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Aláàánú,
Múṣín,
Èkó.

Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kọkànlá, Ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alámòójútó Àbẹ̀wò sí Ọgbà Ẹ̀wọ̀n,
Yàrá Kẹta, Ilé Iṣẹ́ Ìjọba,
Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌFẸ̀HÓNÚHÀN LÓRÍ BÍ WỌ́N ṢE Ń GBA ÀWỌN ỌMỌDÉ TÓ WÁ WO ÒBÍ WỌN LẸ́WỌ̀N, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ FÚN HUSNAH ÀKÀNGBÉ

1. Èmi ni Sìmíátù Àkàngbé. Aṣọ ilé-ìwé ni mo ń rán ní Sábó, ó sì ti lé ní ogún ọdún. Taoheed, àbúrò mi, tó jẹ́ jórinjórin, wà lẹ́wọ̀n lọ́dọ̀ yín. Irin tí wọ́n jí ló rà, ó sì jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́. Ọdún méjì ni wọ́n dá fún un. N kò wá bẹ̀ yín pé kí ẹ tú u sílẹ̀. Ẹni bá ṣẹ̀, kó jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀, Husnah, ló gbé mi dé iwájú yín. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ìyá rẹ̀ ti di olóògbé, ọ̀dọ̀ mi ló sì ń gbé láti oṣù Kejì tí wọ́n ti mú bàbá rẹ̀.

2. Kí ẹ lè mọ ohun tó bàjẹ́, mo ní láti sọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ní ìdájí gbogbo, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí Taoheed tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, òun àti ọmọ rẹ̀ á jókòó sórí ẹní, wọ́n á máa ka Yáásíìn, ọ̀kan nínú àwọn súrà Kùránì. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ náà há a sórí, kó lè kà á láìwòwé níbi wòlímọ́tù rẹ̀, ìyẹn ayẹyẹ tí ilé kéwú máa ń ṣe fún ọmọ tó bá parí Kùránì. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n parí rẹ̀ nígbà tí ọlọ́pàá dé.

3. Ibi tí èmi fúnra mi ti ṣàṣìṣe nìyí, n kò sì ní fi pamọ́. Mo sọ fún ọmọ náà pé bàbá rẹ̀ lọ jó irin ní Kòtónù. Mo rò pé àánú ni mo ń ṣe. Ní ọjọ́ Jímọ̀ gbogbo, màá ní bàbá rẹ̀ kí i. Nígbà tí Iléyá dé, mo rán aṣọ kan fún un, mo ní bàbá rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ láti Kòtónù. Áà, ọmọ tó ń bá mi gé òwú lójoojúmọ́! Ó yí etí aṣọ náà padà, ó wo ìṣẹ́tí tí mo fi ọwọ́ rán, ó sì bi mí pé ṣé Kòtónù náà ni mo ti rán an. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Mo sọ òótọ́ fún un ní ọjọ́ Iléyá náà, ẹran ṣì wà lórí iná.

4. Kò sunkún. Ì bá sàn kó sunkún. Ó bọ́ aṣọ náà sílẹ̀, kò sì ka kéwú mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọmọ tó ń ṣe ipò kejì ní kíláàsì bọ́ sí ipò kẹtàlélógún. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ibùsùn, ojú sì ń tì í débi pé òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ aṣọ náà kí n tó jí. Àfáà rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Husnah ní ẹni tí òun ń kà á fún kò sí nílé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun.

5. Nítorí náà ni mo ṣe mú un wá wo bàbá rẹ̀ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Lẹ́ẹ̀kíní, ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n dá wa padà lẹ́nu géètì nítorí pé n kò mú ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀ dání. Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ká mú un wá. Lẹ́ẹ̀kejì, mo mú ìwé náà, mo sì wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kí ọmọ má baà pa ilé-ìwé jẹ. Wọ́n ní ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì nìkan ni, aago mẹ́wàá sí aago méjì. Ẹ̀yin ọ̀gá, ọmọ wo ni kò sí ní kíláàsì lákòókò yẹn? Ẹ má bínú, inú ló ń bí mi.

6. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tó kọjá, ó pa ilé-ìwé jẹ, a sì wọlé. Wáyà wà láàárín wa àti Taoheed, ogún èèyàn sì ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Mínítì mẹ́wàá ni wọ́n fún wa. Nígbà tó yá, Taoheed gbé ẹnu sún mọ́ wáyà, ó ní kó ka Yáásíìn fún òun. Husnah sì bẹ̀rẹ̀! Ó ka ẹsẹ méje, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀, àwọn tó wà nítòsí sì ń dákẹ́, ni wọ́n bá lu agogo pé àkókò ti tó. Wọ́dà kan tó ń jẹ́ Lydia ló mú wa jáde. Ó ní òun náà bímọ. Ó ní kí n kọ̀wé sí yín, pé ẹ máa ń ka ìwé tí aráàlú bá kọ. Mo gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.

7. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ti ń yí padà. Ibùsùn rẹ̀ ti ń gbẹ. Ní ìdájí, ó ti ń tẹ́ ẹní fúnra rẹ̀, ó sì ti há ìyókù sórí láìsí olùkọ́. Ẹsẹ méje péré ló ṣe èyí. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à á fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Bàbá rẹ̀ ni ìjọba ń bá wí, kí pàṣán náà má ba ọmọ.

8. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí: kí ẹ jẹ́ kí ọmọ ilé-ìwé lè wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ kọ gbogbo ìwé tí a nílò sí ẹnu géètì, kí ẹ sì wá àga àti tábìlì sí ibì kan tí kò sí wáyà, kí wọ́dà dúró tì wọ́n. Àfáà ti mú ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejìlá fún wòlímọ́tù. Kó tó di ọjọ́ náà, ẹ fún Husnah ní ọgbọ̀n mínítì lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. N kò ní kí bàbá rẹ̀ wá síbi ayẹyẹ. Mo mọ òfin. Ọmọ náà ló sọ pé bí bàbá òun bá ti gbọ́ ọ dé òpin, òun á kà á fún gbogbo ayé.

9. Husnah mọ̀ pé mò ń kọ lẹ́tà yìí. Ó ti fi aago orí fóònù mi wọn Yáásíìn náà: mínítì méjìlélógún ni, bí kò bá kánjú. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí kí ẹ má baà rò pé yóò pẹ́. Mínítì mẹ́jọ tó kù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀ kó fi nu ojú.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù ka ọ̀rọ̀ mi.

Èmi ni tiyín tó ń retí èsì rere,

Sìmíátù Àkàngbé,
Aránṣọ, ẹ̀gbọ́n bàbá Husnah.