Oògùn Méjì Tí Mò Ń Fi Omi Kíkún Lò

Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Bátìrì aago wọ́n, omi òkun kì í gbowó. Ìdí nìyí tí mo fi ń lo oògùn mi méjèèjì nígbà tí omi bá kún dé abẹ́ ilé mi tó wà lórí òpó.

Yẹ́misí, àbúrò mi tó fún mi ní kíndìnrín, wọkọ̀ dé láti Mahintedo lónìí, ó sì gbọ́ pé omi ni mo fi ń ṣe aago oògùn. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé aago kan náà ni omi ń kún lójoojúmọ́?"

Èmi apẹja, n kò rò ó! Ojoojúmọ́ ló ń pẹ́ sí i. Bí oògùn méjèèjì bá sì pẹ́, àwọn ọmọ ogun ara á jí, wọ́n á gbógun ti kíndìnrín àlejò.

Ẹ̀rù ń bà mí. Ọ̀la la ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò.

Mo ní kó má bínú. Ó gbọ́wọ́ lé mi níkùn, ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o." Mo dúpẹ́.

"Ta ló ń bá yín sọ̀rọ̀? Kíndìnrín mi ni mò ń kí."