Fóònù Yín Ṣì Ń Dún, Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún mẹ́ta gbáko! Kí ẹ má baà rò pé a káwọ́ gbera, ilé yín ti parí. Ọwọ́ òsì nìkan ni èmi àbúrò yín bíríkìlà fi gbé gbogbo òrùlé lé e lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mò ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun lọ. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá sọ òrùlé ọ̀hún kalẹ̀.

Ọdún mẹ́ta rèé, ẹ̀rọ ìránṣọ yín ò tíì sinmi. Ìyàwó mi ló ń tẹ̀ ẹ́. Ọmọ yín tí ẹ sọ ní Abẹ́rẹ́ ti pé ogún ọdún, ó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Níbi tí wọ́n ti ní kó kọ nọ́ńbà òbí, tiyín ló kọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gba iná sí fóònù yín lójoojúmọ́. Ikú mú yín, kò lè mú fóònù.

Ẹ wá wo àtẹ̀jíṣẹ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún ń fi ránṣẹ́ sí i! Wọ́n ní, Ìyá wa ọ̀wọ́n, a ti kun géètì. Ìyá wa ọ̀wọ́n, a ti gé koríko. Ṣùgbọ́n nígbà tí Abẹ́rẹ́ dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí kò gbé ìpè, wọn ò sọ nǹkan kan. Mo pe ọ́fíìsì wọn. Akọ̀wé obìnrin kan ní ọmọ ogún ọdún ti dàgbà. Àfi tó bá fọwọ́ sí ìwé pé kí àwọn bá ará ilé ẹ̀ sọ̀rọ̀, àwọn ò ní sọ bóyá ó jẹun tàbí kò jẹun. Ó bi mí pé ta ni mí. Mo fún ọ̀fun pọ̀, mo fi ohùn yín dáhùn pé èmi ni ìyá ẹ̀. Ó ní ìyá gan-an ò lẹ́nu ńbẹ̀.

Kí ẹnì kan ní ẹ ò lẹ́nu lọ́rọ̀ ọmọ yín, kí n sì dákẹ́? Ilẹ̀ mọ́, mo lọ jókòó níwájú tábìlì ẹ̀ tòun ti bàtà iṣẹ́. Mo ní àbúrò ìyá Abẹ́rẹ́ ni mí, mi ò sì ní dìde. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n kọ́ ògiri yí mi ká, n ó máa fi ibi tó wọ́ hàn wọ́n. Akọ̀wé ní òun lè pe ọmọ náà, kóun bi í bóyá ó fẹ́ rí mi.

Abẹ́rẹ́ dé. Ó ti rù, ẹ̀gbọ́n mi, ojú ẹ̀ ti wọnú. Níwájú akọ̀wé, ó ní ẹ ti lọ láti ọdún mẹ́ta, àárò yín ló dá òun dúbúlẹ̀, òun ò lọ sí kíláàsì mọ́, òun ò sì fẹ́ kí ọkàn wa bàjẹ́. Ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ kọ nọ́ńbà yín ni, kí ibì kan láyé ṣì máa pè yín ní ìyá òun.

Akọ̀wé rọra gbé ìwé síwájú ẹ̀. Abẹ́rẹ́ fọwọ́ sí i, ó kọ orúkọ mi. Akọ̀wé wá fẹ́ fi bírò pa nọ́ńbà yín rẹ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi sílẹ̀,” Abẹ́rẹ́ wí. “Ẹ kọ ti àbúrò wọn sábẹ́ ẹ̀.”

Akọ̀wé kọ ọ́. Ó gbórí sókè, ó wò mí títí.

“Bí ìyá bá ti lọ láti ọdún mẹ́ta, ìyá wo ló bá mi sọ̀rọ̀ lánàá?”

Ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀ títí mo fi dé ìdíkọ̀. Ẹ̀rín Abẹ́rẹ́ ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn. A ṣì fẹ́ràn yín, ẹ̀gbọ́n mi. Àárò yín ṣì ń sọ wá. Ẹni tó bá sì ní ká yọwọ́ lọ́rọ̀ ọmọ yín, kó kọ́kọ́ lé mi bá.